Màmá Mi Nídìí Bọ́ọ̀dù Tẹlifóònù

Títí Màmá fi kú, bí fóònù wọn bá dún, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu wọn ni, "Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ta ni kí n sọ pé ó ń pè?" Bẹ́ẹ̀, àwọn nìkan ló ń gbé inú ilé náà ní Ìlódè. Kò sí ọ̀gá kankan nínú yàrá, kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ sọ fún. Èmi tí mo pè á rẹ́rìn-ín, màá ní, "Ẹ sọ fún Màmá pé Àjọkẹ́ ni." Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó lọ wò bóyá ọwọ́ ẹni náà dí, wọ́n á wá ní, "Wọ́n ní kí o máa sọ̀rọ̀." Eré tiwa nìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, mo ti tẹ nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ̀ dáadáa pé fóònù náà wà nínú báàgì mi, tí iná ti tán nínú rẹ̀.

Ọmọ ọmọ ni mí. Ẹ má retí pé kí n ka ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí mi ò mọ ìdajì rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, Màmá jókòó nídìí bọ́ọ̀dù tẹlifóònù nínú kámpọ́ọ̀sì yunifásítì tó wà nílùú wa. Ibẹ̀ ni gbogbo ìpè tó ń ti ìta wọlé ń gbà kọjá. Màmá á gbé e, wọ́n á béèrè ẹni tó ń pè, ẹni tó ń wá, àti nítorí kí ni, wọ́n á sì so ó mọ́ ọ́fíìsì ẹni náà. Títí débẹ̀, iṣẹ́ náà kò le. Ibi tó le ni ìgbà tí ẹni tí wọ́n ń wá bá ti wà lórí fóònù pẹ̀lú ẹlòmíràn. Bọ́tìnnì kan wà lára bọ́ọ̀dù náà. Bí Màmá bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lè sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá náà létí, ẹni tí ọ̀gá ń bá sọ̀rọ̀ kò sì ní gbọ́ ohunkóhun. Wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ń dúró, kí wọ́n sọ ohun tó bá wá, kí wọ́n sì ti kúrò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dàrú mọ́ ọ̀gá lẹ́nu.

Ohùn tí wọ́n ń lò fún bọ́tìnnì yẹn ni wọ́n gbé wálé. Ìlódè kì í ṣe àdúgbò tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ á kígbe láti ojúde, ẹni tó ń tà á á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Màmá kì í pe ènìyàn láti òkèèrè. Wọ́n á rìn wá bá ọ, ì báà jẹ́ orí ìrun tàbí orí oúnjẹ lo wà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ etí rẹ, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nínú gbólóhùn kan. Nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti lọ sí ilé-ìwé, ọ̀dọ́kùnrin kan wá kí mi lọ́jọ́ kan, a jókòó sí pálọ̀, à ń jẹ ẹ̀pà. Màmá wọlé, wọ́n gbé omi fún un. Bí wọ́n ṣe ń yí padà ni wọ́n sọ sí mi létí pé, "Ẹnì kejì wà níta, èyí tó ń wọ bàtà funfun. Ṣé kó wọlé ni, àbí kó padà wá?" Ojú tì mí débi pé ẹ̀pà há mi lọ́fun. Mo ní kó padà wá. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń retí ìbáwí, ìbáwí kò dé. Èmi fúnra mi ni mo lọ bi wọ́n pé ṣé wọn ò ní bá mi wí ni. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi tó ọ létí. Ìwọ lo máa mọ ẹni tí o fẹ́ gbà."

Wọ́n máa ń ṣàwàdà, ẹ má rò pé wọn kì í ṣe é. Àwọn ọ̀gá náà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá Màmá lóhùn láìjẹ́ kí ẹni tó wà lórí fóònù fura. Ikọ́ ni. Bí ọ̀gá bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni náà dúró, òun ń bọ̀. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí Màmá ní kó lọ, kó pè padà tó bá yá. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún kan, ọ̀fìnkìn mú ọ̀gá kan ní ilé ìkàwé, ikọ́ ọkùnrin náà kò dúró. Màmá jókòó, wọ́n ń kà á: méjì, mẹ́rin, méjì. Gbogbo ẹni tó wá a láti àárọ̀ ni wọ́n dá padà, títí kan àna rẹ̀ tó ń pè láti Òndó. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, ọkùnrin náà já wọ yàrá bọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń dà. Ó ní, "Mádáàmù, ta ló ní kí ẹ lé gbogbo ayé padà fún mi?" Màmá ní ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló wúkọ́ pé kí àwọn lé wọn. Ó fún wọn ní kúẹ́rì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ èsì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀: "Sà, mo ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ni, mi ò mọ̀ pé ọ̀fìnkìn ló ń sọ̀rọ̀."

Ohun kan wà tí wọn kì í ṣe fún ọ̀gá kankan. Wọn kì í sọ pé ẹni tó wà kò sí. Ọ̀gá á ní, "Ẹ sọ fún un pé mo ti jáde." Màmá á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń pè, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, wọn ò lè bá yín sọ̀rọ̀ nísinsìnyí." Àwọn ọ̀gá kan bínú sí wọn títí, àwọn mìíràn mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń gba owó ilé bá wá sí àdúgbò wa, tí ẹnì kan bá ní kí Màmá sọ pé òun kò sí nílé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún un. "Ẹni tí kò sí lọ́tọ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí lọ́tọ̀."

Ìjà tó pẹ́ jù láyé wọn, àwọn àti Ìyá Sikirá ni. Ìyá Sikirá ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, ilé rẹ̀ kọjú sí ti Màmá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kọ̀wé wá iṣẹ́ sí inú kámpọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ sì wá bẹ Màmá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tẹ́tí sí ohun tí àwọn ọ̀gá ń bá ara wọn sọ lórí fóònù, bóyá wọ́n á gbọ́ orúkọ ọmọ náà. Màmá ní rárá. Ìyá Sikirá rò pé eré ni. Nígbà tó dé ọ̀sẹ̀ kejì tí Màmá ṣì ń ní rárá, ó bú wọn lójúde, gbogbo àdúgbò sì gbọ́: "Etí tí kò wúlò fún aládùúgbò, kí lẹ ń fi í ṣe, Ìyá Fọlákẹ́?" Ọdún méjì gbáko ni wọn ò kí ara wọn. Ọmọ náà rí iṣẹ́ síbòmíràn. Nígbà tí mo dàgbà tó láti gbọ́ ìtàn náà, mo sọ fún Màmá pé èmi ò rí ohun tó burú nínú kí ènìyàn tẹ́tí fún ìṣẹ́jú kan nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Wọn ò jà mí níyàn. Wọ́n kàn ní, "Etí mi ló ń wà níbẹ̀, èmi kì í sí níbẹ̀."

Mi ò fara mọ́ ọn nígbà yẹn, mi ò sì tíì fara mọ́ ọn tán. Ìwà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n dá wà. Kò sí ẹni tó máa ń fẹ́ jókòó ti ẹni tó mọ nǹkan tí kò sì ní sọ. Màmá mọ gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kan, èmi àti wọn lọ ra nǹkan ọbẹ̀ ní Sábó. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ń ná ìrẹsì lẹ́yìn wa. Màmá kò yíjú wẹ̀yìn. Wọ́n rọra tẹ apá mi, wọ́n ní ọ̀gá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, pé ọdún mọ́kàndínlógún làwọn fi ń so ó mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Mo ní kí wọ́n kí i. Wọ́n kọ̀. Ọkùnrin náà gbé ìrẹsì rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi." Màmá yà fún un. A ti rìn jìnnà kí wọ́n tó sọ pé, "Tí mo bá kí i, á bi mí pé ta ni mí."

Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ kan falẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Mọ́mì mi, Fọlákẹ́, ni ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tí bàbá wọn wá iṣẹ́ lọ sí Òkè Ọya. Lẹ́tà méjì ló kọ, ó sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé bàbá mi àgbà ni, ó sì yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó, ọ̀wọ̀ tí mo ní kò tó gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mọ́mì dàgbà láìmọ̀ bóyá bàbá wọn wà láàyè. Nígbà ìdána wọn, níbi tó yẹ kí bàbá ìyàwó jókòó sí kó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, àbúrò bàbá wọn kan láti Modákẹ́kẹ́ ló jókòó síbẹ̀. Mọ́mì sọ fún mi pé bí ọkùnrin náà ṣe gbé ọwọ́ lé àwọn lórí, ohun tí àwọn ń rò ni pé ṣé ọmọ òrukàn ni wọ́n ń gbàdúrà fún yìí, àbí ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà níbì kan. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń bi Màmá. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Tó bá ti kú, kí n mọ̀ pé ó ti kú." Màmá á dìde, wọ́n á lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná.

Ní oṣù mẹ́rin kí Màmá tó kú, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, à ń bó ẹ̀gúsí. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wú nígbà yẹn, wọn kì í jáde mọ́. Bí ẹni ń ṣeré ni mo ṣe ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà kò gbọ́ nǹkan kan rí nípa bàbá Mọ́mì?" Wọ́n bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìdána Mọ́mì wáyé. Ìpè kan wọlé láti Jọ́ọ̀sì. Gẹ̀ẹ́sì ni Màmá fi gbé e, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin kan ní òun ń wá ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Màmá ní àwọn ti mọ ohùn náà kó tó sọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè pé ta ni kí àwọn sọ pé ó ń pè. Ó dárúkọ ara rẹ̀, orúkọ méjèèjì, bó ṣe wà nínú ìwé ìgbéyàwó tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí. Wọ́n wá béèrè pé nítorí kí ni. Ọkùnrin náà bọ́ sí Yorùbá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mádáàmù, ọmọ mi wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ó ti tó oṣù kan tí kò kọ lẹ́tà sílé. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá."

Oṣù kan! Ẹni tó fi ọmọ jòjòló sílẹ̀ títí ọmọ náà fi tó lọ sílé ọkọ, oṣù kan ti fẹ́ pa á.

Màmá ní kó dúró. Ọ̀gá náà wà lórí fóònù pẹ̀lú ẹlòmíràn. Màmá tẹ bọ́tìnnì, wọ́n sọ ọ́ sí i létí: "Sà, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan ni, láti Jọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀." Màmá kì í bá ẹni tó ń pè bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ṣe é. Ọ̀gá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Màmá padà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà pé kó ní sùúrù, ọ̀gá ń bọ̀. Wọ́n lè fi í sílẹ̀ kó máa dá dúró nígbà náà, kí wọ́n gbé ìpè mìíràn. Wọn ò fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wà lórí láìnì náà fún bí ìṣẹ́jú méjì, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Ẹ ṣé gan-an, mádáàmù." Màmá so ó mọ́ ọ̀gá, wọ́n bọ́ ohun tí wọ́n fi ń gbọ́rọ̀ kúrò létí, wọ́n lọ mu omi.

Mo ní, "Kò mọ̀ yín?"

"Ohùn iṣẹ́ ni mo fi dá a lóhùn."

"Ẹ ò sì sọ fún Mọ́mì? Títí di òní?"

"Kí ni kí n sọ fún Fọlákẹ́, nígbà tó ń múra ìyàwó? Pé bàbá ẹ pè, ó ń wá ọmọ ẹ̀, kì í sì í ṣe ìwọ?"

Inú bí mi. Mo da ẹ̀gúsí ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, gbogbo ayé lẹ fi ọ̀rọ̀ tó létí, tí ẹ sì jẹ́ kí kálukú yan ohun tó fẹ́. Ẹ ti jẹ́ kí èmi yan ẹni tó máa wọlé wá jẹ ẹ̀pà. Mọ́mì nìkan lẹ ò fún láyè láti yàn." Mi ò sọ̀rọ̀ sí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé wọ́n á ní kí n dìde níwájú àwọn. Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Ohùn bọ́tìnnì yẹn ni wọ́n fi dá mi lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa méjì péré la wà níbẹ̀: "Mo so ó mọ́ ẹni tó ń wá, Àjọkẹ́. Kò wá wa."

Mo bú sẹ́kún. Wọn ò sunkún. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n wá ṣe sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ yìí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn kò bá sí mọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ àwọn mọ́.

Màmá kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọsibítù, Mọ́mì di ọwọ́ kan mú, èmi di ìkejì. Ìsìnkú wọn kò lérò púpọ̀. Ìyá Sikirá ló sunkún jù. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n so pọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mi ò rí ẹnì kan, mi ò sì bínú sí wọn. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Mo jókòó láàárín àwọn tó wá kí wa, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mo ṣẹ́ kù láyé, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí ó jẹ́ ti ẹni tó jókòó tì mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ìsìnkú, èmi àti Mọ́mì wà nínú yàrá Màmá, à ń ká aṣọ wọn. Mọ́mì rí ìwé ìgbéyàwó náà nínú àpótí. Wọ́n kà á, wọ́n dá a padà síbẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan fún ọ rí nípa rẹ̀, àbí?" Mo ní wọ́n sọ fún mi, pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn, ṣé kí n sọ ọ́ àbí kí n fi í sílẹ̀. Mọ́mì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n sọ ọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò yọ ọmọ kejì yẹn kúrò, mi ò sì yọ oṣù kan kúrò. Mo ń wò wọ́n, mo ń dúró de ẹkún tàbí èpè, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Kò sí èyí tó dé nínú méjèèjì. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, wọ́n tún ìró tó wà lórí ẹsẹ̀ wọn ká, wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ní ohùn rẹ̀ rí?"

Mo ti bi Màmá ní ọjọ́ tó jẹ́ nínú ọ̀sẹ̀, aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n rí akẹ́kọ̀ọ́ náà níkẹyìn. Mo ti bi wọ́n ní ohun gbogbo tí inú ń bí mi sí. Mi ò bi wọ́n ní ìyẹn. Èmi gbọ́ ohùn bàbá tèmi ní gbogbo àárọ̀ tí mo fi dàgbà, kò sọ sí mi lọ́kàn láti béèrè.

Mo ní, "Mi ò béèrè, Mọ́mì."

Wọ́n ní kò burú. Wọ́n gbé ìró náà sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì rin ẹsẹ̀ méjì sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ bi Màmá. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.